Ọpọlọ Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Ọláìtán

Bí o bá dé Yàbá ní ìlú Oǹdó, tí o ní o ń wá ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ṣọ́ọ̀bù Ọláìtán ni wọn yóò júwe fún ọ. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ń ṣe ti ìgbéyàwó, ó ń ṣe ti ìkómọjáde, ó ń ṣe ti ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n ìsìnkú ló ń bọ́ ọ jù, nítorí àwọn ará Oǹdó kì í fi ìsìnkú àgbà ṣeré. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ìwé olójú ewé mẹ́rìnlélógún, fọ́tò olóògbé láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó, orin, ìtàn ìgbésí ayé, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ojú ewé ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ "Sùn re o" sórí àwòrán òdòdó.

Jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ náà fún ọ. Kò sí ẹni tó ń ṣe é tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ewé òfìfo. Bí òkú tuntun bá ti dé, Ọláìtán á ṣí fáìlì òkú tó ṣáájú, á yọ orúkọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, á fi ti ìsinsìnyí sí i, á yọ fọ́tò kan, á fi òmíràn rọ́pò. Báyìí ni olóògbé kan ṣe ń jogún orin àti òdòdó olóògbé mìíràn láti ọdún dé ọdún, tí àwọn mọ̀lẹ́bí ò sì mọ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣe àwàdà pé òkú àkọ́kọ́ tí òun ṣiṣẹ́ fún ṣì wà níbì kan nínú gbogbo wọn. Kò mọ̀ pé àwàdà yẹn ni yóò dójú ti òun.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí ni Màmá Tíṣà pé ọgọ́rin ọdún. Bísọ́dún Akínlolú ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Ìdajì àwọn tó ń rìn kiri ládùúgbò yẹn ló kọ́ ní A-B-D, Ọláìtán sì wà lára wọn. Kíláàsì kejì ló ti bá a. Ìyá yìí kì í na ọmọ. Báírò pupa ni ohun ìjà tirẹ̀. Bí o bá gbé ìwé rẹ lọ fún un, á kọ́kọ́ wo ojú rẹ, á ní, "Ṣé o ti kà á?" Bí o bá ní o ti kà á, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, á fi báírò pupa yí àṣìṣe náà po, á dá ìwé rẹ padà láìsọ nǹkan kan, ojú á sì tì ọ́ ju kí ó nà ọ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí Bọ́látitó, àkọ́bí ìyá, gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìdúpẹ́ náà fún Ọláìtán, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní òun á ṣe é débi pé gbogbo Oǹdó á mọ̀ pé tíṣà òun ni.

Kí ló wá ṣe? Ó ṣí fáìlì Màmá Olúwaṣèyí tí wọ́n sin lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ń yọ ti òkú, ó ń fi ti alààyè sí i. Ó pa "olóògbé" rẹ́, ó pa "ìsìnkú" rẹ́, ó kọ "ìdúpẹ́" síbẹ̀. Ó fi fọ́tò Màmá Tíṣà pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ àlùkò síwájú ìwé. Bọ́látitó wá wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ó wo iwájú ìwé, ó wo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ, ó ní ó dára, ó sì sáré lọ sídìí ètò oúnjẹ. Ó wá ku kí Ọláìtán ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó tẹ̀ ẹ́. Kò kà á. Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ń fìdí rẹmi, ó fi ọwọ́ kan pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó máa tẹ̀wé lọ, ó gbé ojú méjèèjì sórí bọ́ọ̀lù. Igba ìwé ló jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ní kí wọ́n ṣí ojú ewé ìkẹyìn kí wọ́n jọ kọ orin ìdúpẹ́. Gbogbo ìjọ ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Orin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lábẹ́ orin náà, lórí òdòdó funfun, ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: "Sùn re o, ìyá rere, ó di ọjọ́ àjíǹde." Àbúrò Màmá Tíṣà bú sẹ́kún. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn fi ìwé bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Màmá Tíṣà nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọláìtán wà ní ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn. Ìtìjú bò ó débi pé kò lè gbé orí sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀, ó ń dè é, ó tún ń tú u, títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá àti ọmọ wọlé sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọláìtán, kí la fi ṣe ọ́?" Bọ́látitó ló béèrè. Ó la ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ti fi báírò pupa yí "Sùn re o" po.

Ká ní Ọláìtán sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà ni, kò ní sí ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí àmì pupa yẹn báyìí, ó di ọmọ ọdún méje lójú ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ǹpútà yìí ni. Ọpọlọ rẹ̀ ti gbó."

"Ọpọlọ, báwo?" ni Màmá Tíṣà wí.

"Ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pùrósẹ́sọ̀, mà. Òun ló ń bá a ronú. Ó jókòó sórí pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní mọ́dábọ́ọ̀dù. Méjèèjì ló ti gbó. Bí mo bá kọ nǹkan tuntun, ó máa ń lọ gbé ti tẹ́lẹ̀ wá dà pọ̀ mọ́ ọn."

Irọ́ pọ́ńbélé. Màmá Tíṣà sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ọdún mélòó ló ti ń bá ọ ṣiṣẹ́?"

"Ó ti ń lọ sí mọ́kànlá, mà."

"Kò jẹ̀bi nígbà náà. Èmi náà, bí mo bá fẹ́ pe Bọ́látitó, orúkọ àbúrò mi ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Má da ara rẹ láàmú, ọma mi," ló fi ohùn Oǹdó wí. "Ẹ̀rọ ló ṣe é."

Wọ́n lọ. Ọláìtán jókòó, kò lè ṣiṣẹ́. Bí ìyá náà bá bú u, ì bá sàn fún un. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n dárí jì, òun tó dẹ́ṣẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Màmá Tíṣà tún dé, òun nìkan, pẹ̀lú àpòòwé kan lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló rán an. Wọ́n ti ń fi Ọláìtán ṣẹ̀sín nípàdé wọn. Ẹnì kan ní kí wọ́n má gbé iṣẹ́ fún un mọ́ kó má baà sin àwọn láàyè. Ni Màmá Tíṣà bá dìde láàárín wọn. Ó ní ọmọ tí òun kọ́ kì í ṣe aláìbìkítà, òun mọ ìwé rẹ̀ láti kékeré, ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló gbó. Ó ní kí wọ́n jọ dáwó ra òmíràn fún un, òun ló sì kọ́kọ́ dá tirẹ̀.

"Wọ́n ní kí o lọ ra ọpọlọ náà àti pákó rẹ̀," ni ìyá wí. "Tó bá ti dé, màá wá wò ó."

Ọláìtán la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé gan-an ni, mà," ó sì dọ̀bálẹ̀.

Táíyé, ìyàwó rẹ̀, ló ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ta sí i létí. Ó dúró kí ìyá lọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé kọ̀ǹpútà ló ń wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà?"

"Táíyé, jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Mo ti fi yín sílẹ̀. Ẹ ṣáà gbé owó màmá padà fún wọn."

"Kí n wá ní kí ló dé?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ni kí ẹ sọ."

Ó rọrùn fún Táíyé láti sọ. Ọláìtán ronú títí, ó wá rí ibì kan tí ó lè sá pamọ́ sí. Ṣebí kọ̀ǹpútà náà máa ń lọ́ra lóòótọ́? Bóyá ọpọlọ rẹ̀ sì ti gbó ní tòdodo, tí òun ò kàn mọ̀. Bí onímọ̀ bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó ti bàjẹ́, irọ́ òun á di òótọ́, òun á pààrọ̀ rẹ̀ tọkàn tọkàn, ara á sì tu òun. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi aṣọ àtijọ́ wé àpótí kọ̀ǹpútà náà, ó wọ bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́, ó gbé e lé itan bí ọmọ títí wọ́n fi dé. Àdúrà tó ń gbà lójú ọ̀nà ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí géètì yunifásítì, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú àpótí náà, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó tàn án.

"Kí ló ń ṣe é, sà?"

"Pùrósẹ́sọ̀ ni, mo rò. Pùrósẹ́sọ̀ àti mọ́dábọ́ọ̀dù."

"Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Ìwé ètò ìsìnkú."

"Ẹ ṣí èyí tó wúwo jù níbẹ̀ fún mi."

Èyí tó wúwo jù ni ti Màmá Tíṣà, nítorí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣí i. Peculiar gbé ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń fi hàn bí pùrósẹ́sọ̀ ṣe ń ṣe wàhálà tó, ó sì ń ṣí ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọláìtán tẹjú mọ́ ìlà náà, ó ń retí kó fò sókè. Ìlà náà kàn ń rọra mì nísàlẹ̀ ni.

"Sà, kò tíì lo ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀," ni Peculiar wí. "Pùrósẹ́sọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Mọ́dábọ́ọ̀dù yín náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó máa ń lọ́ra."

"Fáìlì ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ kó àwọn òkú àtijọ́ yẹn kúrò, ẹ ó rí i pé ó máa yá."

"Ṣé ó lè máa dá gbé ọ̀rọ̀ inú fáìlì kan lọ sínú òmíràn?"

Ojú ewé ìkẹyìn ló wà níwájú Peculiar. Ó kà á, ó padà sí iwájú ìwé, ó ka "Ìdúpẹ́ Ọgọ́rin Ọdún," ó tún padà sẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

"Kọ̀ǹpútà kì í dá kọ nǹkan, sà," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ wí. "Bí ẹ bá sì ní dandan ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, pùrósẹ́sọ̀ òde òní ò lè wọ ojú ihò tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù yín, a ní láti yọ méjèèjì. Ráàmù yín, ẹ̀yà tó ń bá a rántí nǹkan, náà ò ní bá tuntun mu. Ẹ máa náwó ńlá, ohun tí ẹ bá sì kọ síwèé náà ló máa jáde."

Ọláìtán bọ́ síta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Àpòòwé náà wà nínú àpò àyà rẹ̀, ó sì wúwo ju kọ̀ǹpútà tó gbé wá lọ. Ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ó ní láti padà lọ sọ fún ìyá pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Bó bá pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó mọ èyí tó yẹ. Ó fa fóònù yọ, ó pe Màmá Tíṣà, ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu pé, "Mà, ẹ̀rọ kọ́, èmi ni."

Ìyá gbé e kíá. "Ọláìtán! Ṣé o ti rí i rà?"

Ayọ̀ tó wà nínú ohùn náà ló pa á.

"Mò ń rà á lọ́wọ́, mà," ló wí.

Ó wọlé padà. Kò lè wo ojú Peculiar. "Pààrọ̀ wọn."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ṣáà pààrọ̀ wọn."

Nígbà tí ọmọ náà parí, ó di pùrósẹ́sọ̀ àtijọ́ àti mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ọ̀rá funfun, ó nà án sí i. "Ẹ tọ́jú ẹ̀, sà. Kò bàjẹ́."

Kíákíá ni ìròyìn náà tàn kálẹ̀ ládùúgbò. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń ya ṣọ́ọ̀bù ní méjì mẹ́ta, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n ń ní kó fi ọpọlọ tuntun han àwọn. Kọ̀ǹpútà náà yára lóòótọ́. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ń yìn ín, ńṣe ló ń dà bí ìgbà tí wọ́n ń gún Ọláìtán lábẹ́rẹ́. Ó ti ọ̀rá funfun yẹn bọ abẹ́ tábìlì, sẹ́yìn páálí bébà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń kàn án lójoojúmọ́. Táíyé ò bá a sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Màmá Tíṣà dé pẹ̀lú ìwé àjákọ kan àti báírò pupa. Ó fa àga, ó jókòó ti Ọláìtán.

"Iṣẹ́ wà," ló wí. "Ìwé ètò ìsìnkú mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀, mà? Ẹ ò ní kú báyìí lágbára Ọlọ́run."

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ kú lónìí. Mo ti kọ ìtàn ìgbésí ayé mi sínú ìwé yìí. Bọ́látitó ò mọ ibi tí àmì ohùn ń wà, àbúrò rẹ̀ á sì máa kọ ohun tí n kò ṣe. Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á, kí n fi pamọ́. Ṣebí ọpọlọ ẹ̀rọ rẹ ti pé báyìí?"

"Ó ti pé, mà."

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́ Ọláìtán ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun. Ọdún méjìdínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó ṣí fáìlì bàbá kan tí wọ́n sin ní Sátidé, ojú bàbá náà kún ojú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú fìlà àti ẹ̀rín. Ọláìtán fi eku kọ̀ǹpútà gbá orúkọ rẹ̀ mú, ó pa á rẹ́, ó kọ "Bísọ́dún Akínlolú" síbẹ̀. Ó pa "Bàbá" rẹ́, ó kọ "Màmá."

"Ta lèyí?" Màmá Tíṣà béèrè.

"Olóògbé kan ni, mà. Sátidé ni wọ́n sin ín."

"Kí ló ń ṣe nínú ìwé mi?"

"Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà. Ti ẹni tó ṣáájú la máa ń ṣí, a ó wá máa yọ tirẹ̀, a ó máa fi..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí eku. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tó ń dún lẹ́nu ọ̀nà náà dákẹ́, nítorí Táíyé ti pa á. Ìyá wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ tó wà lórí eku, lẹ́yìn náà ó wo ojú ẹni tó ni ọwọ́.

"O ní ẹ̀rọ ló ń gbé ti tẹ́lẹ̀ wá," ló rọra wí. "Ìwọ lo ń gbé e wá."

"Èmi ni, mà."

"O ò sì kà á."

"Mi ò kà á, mà. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò." Ọláìtán bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín bébà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa ọ̀rá funfun náà jáde. "Ọpọlọ tí mo yọ nìyí. Kò bàjẹ́. Ọmọ tó tún un ṣe sọ fún mi kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ojú ló ń tì mí, mà. Ojú yín ni mi ò lè wò."

Nígbà tí Ọláìtán gbójú sókè, ó rí i pé ìtìjú ti wà lójú ìyá náà pẹ̀lú, òun ló sì fi síbẹ̀.

"Mo dìde láàárín wọn, Ọláìtán," ni ìyá wí. "Àgbà ọgọ́rin ọdún. Mo ní mo mọ̀ ọ́."

Ọláìtán ṣáà ń nu imú bí ọmọdé.

"Ìpàdé wa di ọ̀la, Ọjọ́rú. Ìwọ ni wàá dìde lọ́tẹ̀ yìí. Gbé pákó yẹn dání, kí o sọ fún wọn bí o ṣe sọ fún mi."

"Màá wá, mà."

"Jókòó. Pa ti bàbá yẹn dé. Ṣí ojú ewé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀."

Ó ṣí òfìfo. Ó ti pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn débi pé ó funfun lójú rẹ̀ jù. Ìyá ṣí ìwé àjákọ, ó ń kà á sókè, Ọláìtán ń tẹ̀ ẹ́: ọdún tí wọ́n bí i, abúlé kòkó tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Bọ́lọ́rundúró, ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ ti ṣe tíṣà, orúkọ ọkọ, orúkọ ọmọ. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyá á ní, "Ṣé o ti kà á?" Ọláìtán á sì kà á sókè kó tó kọjá sí òmíràn. Ọpọlọ tuntun náà ò rí nǹkan kan sáré sí. Ó kàn ń dúró de ìka ọwọ́ rẹ̀ ni.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ojú ewé ìkẹyìn. Ọláìtán gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Kí ló kù?" Màmá Tíṣà béèrè.

"Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, mà."

"Kọ ọ́."

Ìka rẹ̀ kọ̀, kò lọ.

"Kọ ọ́, ọma mi. Èyí ò ní jẹ́ àṣìṣe."

Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, omi sì bo ojú rẹ̀ débi pé ó ṣòro fún un láti rí ibi tí àmì ohùn wà. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o ti kà á?"

"Mo ti kà á, mà."

Màmá Tíṣà dé ìdérí báírò pupa náà, ó jù ú sínú báàgì, ó dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Aago mẹ́rin ọ̀la," ló wí. "Má gbàgbé pákó yẹn."